Owó Inú Òrùlé Ilé Ke

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kọkànlá

Zhenkai pè mí láàárọ̀ yìí. Kò pè mí rí láti ìgbà tí a ti sin Màmá. Mo gbé fóònù, mo ní, "Ta ló kú?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, ìjì oṣù kẹsàn-án ló sán igi ńlá tó dábùú òrùlé gbọ̀ngàn àwọn baba ńlá wa ní Aowei, abúlé wa létí òkun. Nígbà tí àwọn káfíńtà sọ igi náà kalẹ̀, wọ́n bá ihò kan tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, aṣọ pupa kan sì wà nínú ihò náà. Owó ló wà nínú aṣọ. Owó bàbà àtijọ́, oníhò láàárín.

"Bàbá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, Àǹtí."

Bàbá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí Ke. Nínú ìwé yìí, Ògiri ni mo sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ kì í wọ inú rẹ̀. Ńṣe ló máa ń ta padà lu ẹni tó sọ ọ́.

Ọmọbìnrin tó ti relé ọkọ, omi tí wọ́n dà síta ni — bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí lábúlé wa. Owó àtijọ́ wá yọjú, wọ́n rántí pé omi lójú.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kọkànlá

Inú ń bí mi.

Wọ́n gbé owó náà fún mi nínú àwo funfun. Ó ń dán. Owó tó ti wà nínú òrùlé látayé baba ńlá, ó ń dán bí ìdérí ìkòkò tuntun. Mo béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Zhenkai, tó ní ilé oúnjẹ lẹ́bàá títì, ní òun ti sè é nínú ọtí kíkan. Ó tún fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

"Mo fọ̀ ọ́ ni. Ìjọba ń bọ̀ wá wò ó. Ṣé ìdọ̀tí la fẹ́ gbé fún wọn?"

Ìdọ̀tí. Àwọ̀ ewé tí ọdún gbọọrọ fi ń bo bàbà, tí kò sí ọlọ́gbọ́n ayédèrú tó lè fi oṣù kan ṣe é kí n má mọ̀ — òun ló bó dànù láàárọ̀ ọjọ́ kan bí ẹni bó edé. Láti òní lọ, Ọtíkíkan lorúkọ ẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin ló wà lára owó kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn ń pe ìgbà Yuanfeng, ayé àwọn ọba Song tó jẹ ní Ṣáínà láyé àtijọ́. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọdún. Ògiri ò lè jókòó sójú kan. Ní òdìkejì odò, ìjọba ti ri òkúta mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ẹbí Zhuang pé ayé àwọn ọba Ming ni wọ́n ti kọ́ ọ. Látìgbà náà ni Ògiri ò ti gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Lónìí ó ń rẹ́rìn-ín. "Ming," ó ní. "Ọmọ àná. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n á máa pè wá báyìí."

Ọ̀gbẹ́ni Lian, òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé, ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó fẹ́ ìwé láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ nídìí owó àtijọ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Èmi ni wọ́n mọ̀. Mi ò ní í fi ìtìjú parọ́ sínú ìwé ara mi: kò sí ẹni tó ń ta owó oníhò ní gbogbo Quanzhou tí kò tíì wá bẹ̀ mí ní ìṣọ̀ mi, tàbí kó sá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Mo yọ awò tí mo fi ń wo owó. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì. Nǹkan kan ń yún mi lójú. Nídìí iṣẹ́ wa, a kì í sọ fún olówó pé nǹkan ẹ̀ kì í ṣe ohun tó pè é. Àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. "Ojú mi ò tíì tó o" là ń wí. Olówó á gbọ́ ohun tí a ò sọ, á kó ẹrù ẹ̀, á lọ. Mo ní, "Bàbá, ojú mi ò tíì tó o."

Ògiri kì í ṣe ará iṣẹ́ wa. Ó ní, "Kó o lọ sílé títí ojú ẹ á fi tó o. Mú aṣọ ẹ̀ mọ́ ọn."

Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò sìn mí débi kankan rí láyé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí ìwé yẹn bá dáa, a ó gba pátákó orúkọ ìyá ẹ wọ gbọ̀ngàn ní àjọ̀dún Ọjọ́ Kúkúrú." Ọjọ́ tí ojúmọ́ kúrú jù lọ́dún nìyẹn, tí gbogbo ẹbí ń pé jọ bọ àwọn baba ńlá.

Ẹtì, 16 Oṣù Kọkànlá

Mi ò rí oúnjẹ jẹ. Ó mọ ibi tó ti mú mi.

Àìkú, 18 Oṣù Kọkànlá

Mo gun òkè lọ kí Màmá. Pátákó orúkọ rẹ̀, tí wọ́n kọ Zhuang Wanqiu sí bí wọ́n ṣe ń pè é nílé bàbá rẹ̀, wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin afárí tẹ́ńpìlì Búdà, láàárín àwọn òkú tí wọn ò ní ẹbí: arúgbó tí kò bímọ, ẹni tó kú sójú ọ̀nà, ọmọdébìnrin tí wọn ò fi fọ́kọ. Àwọn obìnrin náà ń tọ́jú wọn dáadáa, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àjèjì ni Màmá ń bá gbé.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, torí Biyu àbúrò mi kéré nígbà náà, kò sì rántí. Bàbá bómi lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ẹja. Obìnrin ni àwa méjèèjì. Ògiri ní òun máa fi ọmọ òun ọkùnrin ṣe àrólé Bàbá, kí ẹni tó ń sun tùràrí má bàa wọ́n — àti kí ẹni tó máa jogún ilé má bàa wọ́n pẹ̀lú. Gbogbo ẹbí pé. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó ní, "Mo ti bí ọmọ méjì. Wọ́n tó mi." Ògiri ní ó dáa, kí àwọn méjèèjì kọ́ gbọ̀ngàn tiwọn fún un nígbà tó bá kú.

Ó kú. Ògiri mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹ. Pátákó Bàbá wà nínú gbọ̀ngàn, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀, wọn ò sì gbà á láyè.

Mo sọ fún Màmá pé wọ́n fẹ́ fi òun ra òǹtẹ̀ mi. Mo mọ ohun tó máa sọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dúró pẹ́.

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kọkànlá

Kì í ṣe Song. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i lójú ara mi.

Mo kó ojúlówó Yuanfeng jáde nínú àpótí, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú òrùlé. Ti Song, ọwọ́ ẹni tó mọ̀wé ló kọ ọ́, tó ń kọ lọ fàà, tí ẹsẹ̀ lẹ́tà kan ń wọ́ tọ èkejì. Ti inú òrùlé dúró gbọn-in, bí ọmọ iléèwé tó ń da ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó kọ. Etí ẹ̀ fẹ̀ jù. Ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́jú jù, wọ́n ha á. Bàbà ẹ̀ náà yàtọ̀ — níbẹ̀ ni Ọtíkíkan ṣe mí lóore láìmọ̀, ó tú bàbà náà síhòòhò fún mi.

Kì í ṣe ayédèrú òde òní náà. Nagasaki ni, ní ilẹ̀ Japan. Nígbà tí àwọn ọba Qing gba ìlú lọ́wọ́ àwọn Ming tí wọ́n sì ti òkun wa pa, àwọn ará Nagasaki ń rọ owó fún àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn. Orúkọ ọba Song tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n kọ sí i lára, torí owó Song ni gbogbo ènìyàn fọkàn tán. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ọmọ àná Zhuang ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ó dìgbà, Song. Ó dìgbà, Màmá.

Rárá. Mi ò tíì sọ ìyẹn.

Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kọkànlá

Mo fẹ́ ká aṣọ pupa náà pamọ́ ni. Ọwọ́ mi kan nǹkan líle létí ibi tí wọ́n ti rán an. Mo fi abẹ́rẹ́ tú u díẹ̀díẹ̀.

Owó kan ṣoṣo. Ọtí kíkan ò débẹ̀. Àwọ̀ ewé ṣì wà lára ẹ̀ digbí, ó gbẹ, ó le, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ ha á, kò ṣí. Mo fọ́n atẹ́gùn ẹnu sí i, mo gbé awò sójú, mo ka lẹ́tà ara ẹ̀.

Yongli. Orúkọ ọmọ ọba Ming tó kẹ́yìn, èyí tó sá káàkiri gúúsù nígbà tí Qing ti gba gbogbo ilẹ̀. Àwọn ará Zheng, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi bá Qing jà ní etíkun wa níbí, wọ́n ní kí àwọn ará Japan rọ owó fún wọn ní orúkọ ẹ̀. Bàbà kan náà nìyí. Ẹ̀yìn kan náà, tí wọ́n ha. Ní ayé Qing, wọ́n lè bẹ́ orí ẹni tí wọ́n bá ká owó yìí mọ́ lọ́wọ́.

Wọ́n sì rán an sínú aṣọ pupa, wọ́n gbé e sókè orí àwọn baba ńlá.

Ohun kan tún wà. Ẹni tó bá ń gbé igi òrùlé, owó ọba tó wà lórí oyè ló máa ń fi síbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kálukú ló mọ̀ ọ́n. Mo wá a, mi ò rí ẹyọ owó Qing kan níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò ní. Wọ́n kọ̀ ni.

Mo rẹ́rìn-ín nínú ìṣọ̀ débi pé ẹni tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọjú wá wò mí. Nígbà yẹn, Qing pàṣẹ pé kí gbogbo ará etíkun kó lọ sínú ilẹ̀, kí wọ́n má bàa máa bọ́ àwọn ará Zheng. Wọ́n fa ààlà, wọ́n sun gbogbo ilé tó wà lápá òkun. Aowei, apá òkun gan-an ló wà. Kò sí gbọ̀ngàn Song níbí, kò sí ti Ming. Eérú ló wà níbí. Àwọn kan padà wá sínú eérú náà, wọ́n kọ́lé, wọ́n fi èébú ṣe owó òrùlé fún ọba. Olóríkunkun ni àwọn baba ńlá mi. Inú mi dùn sí wọn gan-an.

Àìkú, 2 Oṣù Kejìlá

Mo kọ́kọ́ ya ilé ìdáná. Màmá Xiuluan, ìyàwó Ògiri, ń bó ọ̀dùnkún sínú ẹ̀kọ ìrẹsì. Mo bi í pé kí ló dé tí àwa Ke fi máa ń gbé ìkòkò jáde síta lọ́jọ́ Ọjọ́ Kúkúrú, ká tún gbé e wọlé ká tó jẹun. Àwọn Zhuang kì í ṣe é.

"Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Ó ní kí n gbé e jáde, kí n ní 'A ò lọ mọ́,' kí n sì gbé e wọlé. Mi ò bi í nídìí. Ìyàwó tuntun wo ló ń bi ìyá ọkọ nídìí?"

Mo sọ ohun tí mo rí nínú aṣọ fún un. "Nítorí náà, wọ́n lé wọn," ó ní. Mo ní wọ́n lé wọn, wọ́n padà. Ó ń bó ọ̀dùnkún ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, Ògiri. Ó ti po tíì sílẹ̀ dè mí. Mo pa ẹ̀kọ́ ilé iṣẹ́ wa tì. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe Song."

"Ayédèrú ni?"

"Kì í ṣe ayédèrú. Owó yẹn ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ parọ́ mọ́ ọn."

Mo ṣàlàyé fún un látòkèdélẹ̀. Ó gbọ́ ti Nagasaki, ó gbọ́ ti Yongli. Nígbà tí mo dé ibi iná, ó gbé ife kalẹ̀. Ó ní ilé yìí ò jó rí. Mo ní ó jó, àti pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ní kí n má pòwe fún òun.

"Kí àwọn Zhuang wá gbọ́ pé wọ́n lé wa bí ajá, tí tiwọn sì dúró?"

"Bóyá odò ni ààlà náà, Bàbá. Àwọn wà lápá ibi tí iná ò dé. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe tó fi dúró. Tiwa, ẹnìkan ló padà wá kọ́ ọ."

Mo rí ojú ẹ̀. Kì í ṣe ìbínú ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ìtìjú ni, bí ẹni pé àná ni wọ́n lé e. Àánú ẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Ó wá la ẹnu.

"Kọ Song síbẹ̀, ìyá ẹ á wọlé. Kọ nǹkan míì, ìta ló máa wà títí láé."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni òǹtẹ̀, Bàbá."

"Ìwọ náà kọ́ lo ni ilẹ̀kùn."

Mi ò mu tíì ẹ̀.

Ẹtì, 7 Oṣù Kejìlá

Biyu pè láti Manila. Ọtíkíkan ti ròyìn fún un. Ó ní, "Kọ ọ́, jàre. Màmá fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ta ló máa mọ̀?" Mo ní èmi. Ó ní, "Ìwọ nìkan?" Mo ní mo tó. Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ò lálàá rí Màmá rí kó máà wà lórí ìdúró, kó máa wá ibi tó máa jókòó sí.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣùgbọ́n mo sunkún lónìí, mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, mo mú ìwé, mo kọ Song sí i. Ó gba ojú ìwé dáadáa. Ó rọrùn, kò ju bíntín lọ. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Tí mo bá fi irọ́ gbé Màmá wọlé, ẹ̀yìn irọ́ ni yóò máa jókòó sí, lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé wọ́n sun ilé mọ́ wọn lórí, wọn ò parọ́ orúkọ ọba kankan.

Mo ya á. Mo kọ èyí tó jẹ́ òtítọ́. Mo tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn débi tí yíǹkì fi gba ojú ìwé kejì.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejìlá

Ó ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Lian gun ọ̀kadà dé. Tínínrín ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ògiri ti se àsè sílẹ̀, àwọn ọkùnrin ẹbí ti tò yí tábìlì ká. Ògiri sọ ti Song, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un sọ. Lian ní kí wọ́n fún òun ní ìwé. Ògiri wò mí. Ó ṣì rò pé mo máa bẹ̀rù. Mo dìde, mo ka ìwé mi sókè kí ẹni tó wà nínú ilé ìdáná lè gbọ́: Nagasaki, Yongli, iná, ìpadàbọ̀.

Ọtíkíkan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Àǹtí, ẹ ti bà wá jẹ́."

Mo gbé owó Yongli sórí tábìlì. Nídìí iṣẹ́ wa, a kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé ara wa lọ́wọ́, kó má bàa já bọ́. Lian dúró kí n yọwọ́ kó tó mú un, mo sì mọ̀ nígbà yẹn pé ó mọ iṣẹ́. Ó wò ó pẹ́. Ó béèrè ibi tí mo ti rí i. Mo ní létí aṣọ. Ó ní òun ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, òun ò tíì rí i nínú òrùlé rí, níbi tí ẹnìkan ti mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí. Ògiri bi í ní ti òkúta ẹnu ọ̀nà. Ó ní kì í ṣe òun nìkan ló máa pinnu. "Ṣùgbọ́n ká ní Song ni wọ́n kọ síbí, Bàbá, orí tábìlì yìí ni ìwé yín ì bá parí sí." Ó ti mọ̀ kí n tó kà á.

Mo rò pé ìyẹn máa rọ Ògiri lọ́kàn. Ó dúró tì mí nígbà tí ọ̀kadà náà lọ tán. Ó ní kí n má fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ ní Ọjọ́ Kúkúrú. Mo ní mo gbọ́.

Mo gbọ́ ni mo wí. Mi ò wí pé mo gbà.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kejìlá

Mo lọ gbé Màmá. Obìnrin afárí náà bi mí pé ta ló fún un láyè níbi tó ń lọ. Mo ní ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó fi aṣọ nu pátákó náà, ó gbé e fún mi. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kejìlá. Ọjọ́ Kúkúrú.

Òjò winniwinni. Mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, mi ò gba ẹ̀yìn. Igi tuntun ti wà lókè, ó ṣì ń rùn bí igi. Ògiri dúró sójú ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Ó rí ohun tí mo gbé mọ́ àyà.

"Mo sọ fún ẹ kí o má wá."

"Wọ́n sọ fún àwọn tó kọ́ ọ náà, Bàbá."

Kò sún. Èmi náà ò sún. Àwọn ènìyàn ń pé lẹ́yìn mi nínú òjò, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ara wọn. Màmá Xiuluan wá yọ láti inú, pẹ̀lú àwo ìrẹsì gígún róbótó inú omi ṣúgà lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ní, "Bàbá Zhenkai, ẹ̀ ń dí ọ̀nà. Oúnjẹ àwọn àgbà ń tutù." Ògiri sún fún un. Kì í ṣe fún mi.

Mo tẹ̀lé e wọlé. Mo gbé Màmá sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá. Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó dá mi dúró.

Ògiri wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, láti orí ẹni àkọ́kọ́ tó padà sí Aowei wá. Bó ṣe ń pe ẹnìkan ni gbogbo ilé ń dáhùn pé, "Ó ti dé." Ó pe bàbá mi: Ke Tiansheng. Ó ti dé. Ó mí, ó fo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pe àbúrò Bàbá tó tẹ̀ lé e. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, mo la ẹnu, mo pe Màmá fúnra mi:

"Zhuang Wanqiu."

Mò ń gbọ́ òjò lórí páànù tí wọ́n fi bo ibi tí wọn ò tíì tún ṣe. Ògiri kọ ẹ̀yìn sí mi, kò yíjú. Mo ti ń mí kí n tún un pè, kí n máa pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, nígbà tí Màmá Xiuluan dáhùn láti ibi tó ti ń to àwo. "Ó ti dé." Ohùn ẹ̀ ò sókè, ò sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà Zhenkai, tó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin, kì í ṣe gbogbo wọn.

Ògiri dúró títí ohùn tó kẹ́yìn fi parí. Ó tún orúkọ àbúrò rẹ̀ pè, torí kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn.